Ọgbọ́n Ọdún Yìí, Wèrè Ẹ̀míì: Bí Ìwádìí Ìjìnlẹ̀ Ṣe Ń Gbó

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, àwọn àgbà ló pa á lówe pé ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. A máa ń pa òwe yìí nípa aṣọ, nípa orin àti nípa òṣèlú, ṣùgbọ́n a kì í sábà rántí rẹ̀ bí a bá ti wọ ilé ìkàwé. Bí a bá ti rí ọ̀rọ̀ nínú ìwé tí ó nípọn, tí orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà lára èèpo rẹ̀, a ó dà á kọ, a ó há a sórí, a ó sì lọ bì í sórí ìwé ìdánwò. Ta ni nínú wa tí ó kọ́kọ́ ń ṣí ìwé náà láti wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́?

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni pé ìwádìí ìjìnlẹ̀ ń gbó bí ènìyàn ṣe ń gbó, tí ìwádìí tuntun á sì wá jókòó sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbígbó wọn kò rí bákan náà. Òmíràn kò tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òmíràn jẹ́ òótọ́ lójú kan, ó jẹ́ àṣìṣe lójú kejì. Òmíràn sì wà tí kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ayé ni ó yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàrin wọn lè da èyí tí ó yẹ kí ó mú nù, kí ó sì mú èyí tí ó yẹ kí ó dà nù.

Àwa tí a ń gbé ní Ganaja kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìdánwò nìkan ni èyí. Gbogbo ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà tí ó ti Lọ́kọ́ja lọ sí Ajàòkúta ni ó mọ bí Odò Ọya ṣe súnmọ́ wa tó. Ní 2012 àti ní 2022, omi kún, ó gba ọ̀nà Ganaja, ó wọ ilé onílé, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ènìyàn fi ń kọjá níbi tí mọ́tò ń gbà tẹ́lẹ̀. Bí omi bá fà tán, ọ̀gọ̀dọ̀ ni ó ń fi sílẹ̀, ẹ̀fọn á sì gba àdúgbò. Kò ní pẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ilé yóò fi dùbúlẹ̀, orí á máa fọ́ ọ, ara rẹ̀ á máa gbóná, ìmọ̀ràn á sì máa ti yàrá kọ̀ọ̀kan wá. Ẹnì kan á ní oòrùn ló pa á. Ẹnì kejì á ní epo pupa tí ó ń jẹ lájẹjù ni. Ẹnì kẹta á ní èéfín tí ń rú jáde nínú gọ́tà ẹ̀yìnkùlé ni. Ẹnì kẹrin á tú àpò rẹ̀, á mú chloroquine jáde, nítorí pé òun ni màmá wọn ń fún wọn nílé.

Gbogbo ìmọ̀ràn wọ̀nyí ni ó ní ọjọ́ orí. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ gọ́tà yẹn, fún àpẹẹrẹ, kí ẹnikẹ́ni má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí àwọn dókítà tí ó mọ̀wé jù lọ ní London gbà gbọ́ ní 1841 ni ó ń sọ. Ibi ìpàdé odò wa yìí gan-an ni wọ́n sì ti wá fi ẹ̀mí ènìyàn dán an wò.

Kí a tó dé orí ibà, ẹ jẹ́ kí a wo odò náà fúnra rẹ̀ ná. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù fi ń jiyàn lórí ibi tí Odò Ọya ń ṣàn lọ. Leo Africanus kọ ọ́ pé ìwọ̀-oòrùn ni ó ń lọ. Nígbà tí Mungo Park fi ojú ara rẹ̀ rí i ní 1796, ìlà-oòrùn ni ó dorí kọ. Ní 1798, James Rennell, ọ̀gá nínú iṣẹ́ máàpù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya á pé inú adágún kan láàrin gbùngbùn Áfíríkà ni ó ń wọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ya àwọn òkè gíga kan tí ó pè ní òkè Kong sí gúúsù odò náà, bí ògiri tí kò ní jẹ́ kí omi ráyè lọ sí òkun. Ní 1830, Richard àti John Lander wọ ọkọ̀ ní Bùsà, wọ́n sì tẹ̀ lé odò náà títí tí wọ́n fi já sí òkun. Ọ̀rọ̀ adágún tán. Ṣùgbọ́n òkè Kong kò kúrò lórí máàpù. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya máàpù tuntun á wo ti ẹni tí ó yà á ṣáájú rẹ̀, á sì tún òkè náà yà, títí tí Louis-Gustave Binger, ará Faransé, fi rin agbègbè náà já láàrin 1887 sí 1889, tí kò bá òkè kankan níbẹ̀. Nǹkan bí 90 ọdún ni òkè tí kò sí fi dúró gbọin-gbọin nínú ìwé. Àwọn ará Àbọ̀ àti Nembe tí wọ́n ń wa ọkọ̀ lórí odò yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ti mọ̀ pé òkun ni ó ń lọ, ṣùgbọ́n Rennell kò bi wọ́n.

Èyí ni ọ̀nà àkọ́kọ́ tí ìwádìí fi ń gbó, òun ni ó sì rọrùn jù láti lóye: nǹkan náà kò sí, ẹnì kan lọ wò ó, ó sì parí. Ti ibà ni ó díjú.

Ní oṣù karùn-ún 1841, ọkọ̀ ojú omi onírin mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń bọ̀ wá bá àwọn ọba etí odò ṣe àdéhùn pé kí wọ́n fi òwò ẹrú sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ dá oko àwòkọ́ṣe sílẹ̀ níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, wà nínú ìrìn-àjò náà. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ ibà ṣeré rárá. Ìmọ̀ ìgbà náà ni pé afẹ́fẹ́ burúkú tí ń ti inú irà àti ewé jíjẹrà jáde ni ó ń fa ibà. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Daniell ti King's College ní London, tí ó yẹ omi tí wọ́n bù wá láti etíkun Áfíríkà wò, tilẹ̀ ti dárúkọ afẹ́fẹ́ ọ̀hún: hydrogen sulphide, èyí tí ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Dókítà D. B. Reid, ẹni tí ó ṣètò afẹ́fẹ́ fún Ilé Aṣòfin wọn, wá ṣe ẹ̀rọ sínú àwọn ọkọ̀ náà. Fáànù ńlá á fa afẹ́fẹ́ wọlé láti òkè, á gbé e gba inú àpótí onírin tí oògùn wà nínú rẹ̀, kí ó tó fẹ́ sí àwọn tí ó sùn sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Ìwádìí tí ó tuntun jù lọ ní ọdún náà ni ẹ̀rọ yìí dúró lé. Ká ní ẹgbẹ́ wa ti wà nígbà náà, bóyá àpilẹ̀kọ ìyìn ni à bá kọ fún un.

Wọ́n wọ inú odò ní oṣù kẹjọ. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹsàn-án tí wọ́n wà ní ìpàdé odò, ibà ti bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn. Àwọn aláwọ̀ funfun inú ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó nǹkan bí 150. Ibà mú 130 nínú wọn, ó sì pa bí 40. Wọ́n kó àwọn aláìsàn sínú ọkọ̀ méjì, wọ́n dá wọn padà sí òkun. Nígbà tí Albert náà máa padà, kò sí atukọ̀ tí ó lè dìde mọ́. Dókítà McWilliam ni ó di ọkọ̀ mú tí ó ń darí rẹ̀; Dókítà Stanger, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ òkúta àti ilẹ̀, ni ó ń ka ìwé lọ́wọ́ kan, tí ó sì ń fi ọwọ́ kejì kọ́ bí a ṣe ń mú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Fáànù Reid ń fẹ́, àwọn ènìyàn ń kú.

McWilliam kò ju kálàmù sílẹ̀ nítorí ìyẹn. Ó ṣe àyẹ̀wò omi odò bóyá yóò rí hydrogen sulphide tí Daniell ń wí, kò rí i. Ó kọ ohun gbogbo sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1843, àti ẹni tí ó kú, àti ọjọ́ tí ó kú, àti oògùn tí wọ́n fún un. Lójú tiwa, ibí yìí ni ọlá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wà, kì í ṣe pé wọn kì í ṣì í, ṣùgbọ́n pé wọ́n kọ àṣìṣe náà sílẹ̀ lọ́nà tí ẹlòmíràn fi lè rí i.

Ẹni tí ó rí i kò sì jìnnà. Oníṣègùn mìíràn nínú ìrìn-àjò kan náà, T. R. H. Thomson, ti ń lo quinine díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kí ibà tó mú un, dípò kí ó dúró di ìgbà tí ara bá gbóná gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà. Ibà kò mú un ní gbogbo ìgbà tí ó fi wà lórí odò. Ó dé Plymouth, ó dáwọ́ oògùn dúró, ibà sì gbé e ṣánlẹ̀ nínú òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí irà Áfíríkà kò sí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1846. Ní 1847, Alexander Bryson, oníṣègùn ọmọ ogun ojú omi, kó irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jọ, ó sì dá a lábàá pé kí gbogbo ẹni tí ń bọ̀ ní ìhà ibí máa lo quinine ṣáájú ibà. Ní 1854, Dókítà William Balfour Baikie gba inú ọkọ̀ Pleiad wá, ó kọjá ìpàdé odò wa, ó sì wọ inú Bẹ́núé lọ. Crowther tún wà nínú ọkọ̀ yìí. Àwọn aláwọ̀ funfun 12 ni wọ́n jẹ́, quinine ni Baikie ń fún wọn lójoojúmọ́. Wọ́n lo ọjọ́ 118 lórí odò, ẹnì kankan kò kú. Odò kan náà, irà kan náà, ọdún 13 péré láàrin wọn. Ìtàn ìlú Lọ́kọ́ja tí a mọ̀ lónìí kò ṣeé yà kúrò lára àbájáde ìrìn-àjò yẹn, nítorí Baikie kan náà ni ó padà wá tẹ̀ dó síbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí ni pé Baikie fúnra rẹ̀ ṣì gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú ni ó ń fa ibà. Oògùn rẹ̀ tọ̀nà, àlàyé rẹ̀ kò tọ̀nà. Ó di 1880 kí Alphonse Laveran, dókítà ọmọ ogun Faransé, tó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá rí kòkòrò tí ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ogun kan tí ibà ń ṣe ní Constantine, ní Àlùjéríà. Ní 1897, Ronald Ross rí irú kòkòrò náà nínú ikùn ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà. Ní 1898, Giovanni Battista Grassi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì fi hàn pé ẹ̀fọn Anopheles ni ó ń gbé e láti ara ènìyàn kan lọ sí ara ẹlòmíràn. Nígbà náà ni ó tó yé gbogbo ayé pé kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ni quinine Baikie ń pa.

Ṣé àwọn tí ó gba afẹ́fẹ́ burúkú gbọ́ ya òmùgọ̀ ni? Ẹ wò ó dáadáa. Wọ́n sọ pé etí irà léwu, òótọ́ ni. Wọ́n sọ pé alẹ́ léwu ju ọ̀sán lọ, òótọ́ ni. Wọ́n ní kí a ti fèrèsé, kí a gbẹ́ ojú ọ̀nà fún omi ìdọ̀tí, kí a kọ́lé sórí òkè. Ẹni tí ó bá ṣe gbogbo èyí, ibà rẹ̀ á dínkù ní tòótọ́. Ẹ̀fọn tí ń fò nínú afẹ́fẹ́ yẹn nìkan ni wọn kò fura sí. Ọ̀rọ̀ náà "malaria" pàápàá, "afẹ́fẹ́ burúkú" ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Ítálì. Àlàyé náà ti kú, orúkọ tí ó bí ṣì wà lẹ́nu gbogbo wa títí di òní.

Ìdí mìíràn wà tí kò fi yẹ kí a máa fi ojú òmùgọ̀ wo àwọn ará àtijọ́, òun ni pé ìwádìí tí ó tọ̀nà pàápàá lè bọ́ sọ́wọ́ tí kò tọ̀nà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1900 síwájú, J. W. W. Stephens àti S. R. Christophers, tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, rí i pé kòkòrò ibà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé wa bí ara wọn tilẹ̀ le. Òótọ́ ni wọ́n rí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fà yọ níbẹ̀ ni pé kí àwọn aláwọ̀ funfun kọ́ ilé tiwọn jìnnà sí ti àwọn aláwọ̀ dúdú. William MacGregor, tí ó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, tí ó sì jẹ́ dókítà, kọ̀. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ irà Èkó, kí wọ́n sì fún tẹrú-tọmọ ní quinine. Ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, ìyapa ni wọ́n yàn. Ẹni tí ó bá ń rìn nínú GRA kan lónìí, tí ó ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí àdúgbò náà fi ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ sókè lọ́hùn-ún, ìwádìí ibà wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe àwáwí. Ìwádìí tuntun máa ń rọ̀ ti àtijọ́ lóyè nínú ìwé. Kì í wó ilé tí ti àtijọ́ ti kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí ẹni tí ó tú àpò rẹ̀, tí ó mú chloroquine jáde. Òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá jù lọ, nítorí ó lè fi ẹ̀mí ṣòfò.

Hans Andersag ni ó kọ́kọ́ ṣe chloroquine ní ilé-iṣẹ́ Bayer ní Jámánì ní 1934. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni ó gba ayé kan. Ó pọ́wọ́, ó yá, ó ń pa kòkòrò ibà bí ẹni ń pa eéṣú. Àwọn òbí wa mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ bí ó ṣe máa ń yún ènìyàn lára tí a ó fi máa họra títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìwé tí ó yìn ín ní 1960 kò purọ́. Ṣùgbọ́n kòkòrò ibà kì í ṣe òkúta tí ó wà lójú kan. Nínú ẹgbàágbèje kòkòrò, ìwọ̀nba díẹ̀ á wà tí oògùn kò ràn. Oògùn á pa àwọn yòókù, àwọn díẹ̀ yìí á sì máa bí sí i. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, wọ́n rí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ní ààlà ilẹ̀ Thailand àti Cambodia, wọ́n sì rí i ní Colombia. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó dé Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Láàrin àwọn ọdún 1980, ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 2005, ìjọba Nàìjíríà yọ chloroquine kúrò ní ipò oògùn àkọ́lò fún ibà, wọ́n sì fi àdàpọ̀ oògùn tí artemisinin wà nínú rẹ̀ rọ́pò rẹ̀, irú bí artemether pẹ̀lú lumefantrine.

Ẹ kíyè sí i, èyí yàtọ̀ sí òkè Kong, ó sì yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́ burúkú. Kò sí ẹni tí ó ṣì í. Ohun tí wọ́n wádìí ni ó yí padà. Ìdí nìyí tí "ó ṣiṣẹ́ fún mi nígbà yẹn" kì í fi í ṣe irọ́ lẹ́nu màmá wa, tí kò sì tún lè jẹ́ ẹ̀rí fún ọmọ wọn lónìí. Ilé ìtajà oògùn wà tí wọ́n ṣì ń tà á fún ẹni tí ó bá ní ibà ń ṣe òun, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 2005. Ẹni tí ó gbé e mì yóò rò pé òun ti gba ìtọ́jú, kòkòrò á sì máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí ó fi ń retí.

Oògùn tuntun náà sì ní ìtàn tí ó dùn. Ní 1967, ìjọba Ṣáínà kó àwọn onímọ̀ jọ láti wá oògùn ibà nítorí ogun Vietnam. Tu Youyou, obìnrin kan lára wọn, ń yẹ ìwé ìṣègùn ìbílẹ̀ wọn wò, ó sì rí i nínú ìwé Ge Hong, tí ó ti pé nǹkan bí 1600 ọdún, pé kí a rẹ ewé kan sínú omi, kí a fún un, kí a mu ún. Kò ní kí a sè é. Tu Youyou wòye pé bóyá ooru iná ni ó ń ba oògùn inú ewé náà jẹ́, ó yí ọ̀nà tí ó ń gbà fà á yọ padà, ní 1972 ó sì ní artemisinin lọ́wọ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ìmọ̀ tí ó dàgbà jù lọ nínú gbogbo àpilẹ̀kọ yìí ni ó lé èyí tí ó jẹ́ ọmọ 1934 kúrò lórí àga. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé kí a kó gbogbo ìwé àtijọ́ inú láíbúrárì dànù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra.

Quinine tí ó gba Baikie là náà ti sọ̀kalẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní AQUAMAT, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010, pín ọmọ 5,425 tí ibà líle ń ṣe ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́sàn-án sí ọ̀nà méjì. Ìlọrin wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Nínú àwọn tí ó gba quinine, ìdá 10.9 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kú. Nínú àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ artesunate, ìdá 8.5. Quinine kò di májèlé, ó sì ń pa kòkòrò bí ó ṣe ń pa á ní 1854. Nǹkan tí ó sàn jù ú lọ ni ó dé.

Ìbéèrè kan ni àwọn ẹgbẹ́ wa yóò bi wá wàyí: ó tó ọdún mélòó kí ìwádìí tó gbó? Àwọn kan ti gbìyànjú láti kà á. Thierry Poynard àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé kó ọ̀rọ̀ àbájáde 474 jọ láti inú ìwádìí lórí àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde láàrin 1945 sí 1999, wọ́n sì yẹ wọ́n wò ní 2000. Ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì jẹ́ òótọ́, ìdá 19 ti di ògbólógbòó, ìdá 21 kò tọ̀nà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ọdún 45 ni yóò gbà kí ìdajì wọn tó lọ. Ti àkójọ ìwádìí ìṣègùn tilẹ̀ yá ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní 2007, K. G. Shojania àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé láàrin ọdún 5 àti ààbọ̀, ìdajì nínú àkójọ 100 tí wọ́n yẹ̀ wò ni ó ti nílò àtúnṣe, àti pé 7 nínú wọn ti gbó kí wọ́n tó jáde láti ilé ìtẹ̀wé!

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ni ó ń sáré báyìí. Ohun tí wọ́n fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ìṣirò ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn ṣì dúró bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ̀ka tiwa, ẹni tí ó bá ka ìwé Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú àwọn ọdún 1960 yóò rí "aiye" àti "enia". Àkọtọ́ ni ó yí padà, ọgbọ́n inú ìwé náà kò gbó. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nọ́ọ̀sì, ìmọ̀ oògùn tàbí kọ̀ǹpútà, ìwé tí ó ti tó ọdún mẹ́wàá, ẹ fi ojú àgbà tí ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún wò ó, ṣùgbọ́n kí ẹ bi ẹlòmíràn pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn kan sì wà tí kò pé oṣù mẹ́ta. Ní oṣù kẹta 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà gba ayé, ìròyìn tàn kálẹ̀ láti inú ìwádìí kékeré kan pé chloroquine àti ìbátan rẹ̀, hydroxychloroquine, ń wò ó. Ààrẹ Amẹ́ríkà yìn ín lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní Èkó, àwọn ènìyàn ya lọ sí ilé ìtajà oògùn, owó rẹ̀ gòkè, àwọn kan lò ó lálòjù, wọ́n sì bá ara wọn ní ilé-ìwòsàn. Amẹ́ríkà fún dókítà láyè láti lò ó ní 28 oṣù kẹta. Ní 15 oṣù kẹfà, wọ́n gba àyè náà padà. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní RECOVERY ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi hàn pé kò ran àwọn aláìsàn inú ilé-ìwòsàn lọ́wọ́. Nítorí náà, kì í ṣe ògbólógbòó nìkan ni ó yẹ kí a fura sí. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láàárọ̀ yìí, tí ẹnì kankan kò tíì tún un ṣe wò, léwu jù ú lọ.

Báwo ni nǹkan ṣe rí nísinsìnyí ní ti ibà tí ń bá wa fínra ní Ganaja? Àṣà pé gbogbo ara gbígbóná ni a ó pè ní ibà ẹ̀fọn, tí a ó sì gbé oògùn mì, ti gbó láti 2010, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni tí a bá fura sí wò kí a tó fún un ní oògùn. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe kì í gbà ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ. Bí ó bá jẹ́ ibà lóòótọ́, àdàpọ̀ artemether àti lumefantrine jẹ́ oògùn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹni tí ó bá dáwọ́ dúró ní ọjọ́ kejì nítorí pé ara ti yá, kòkòrò tí ó lágbára jù ni ó ń dá sí. Ní 2020, àwọn olùwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Rwanda pé àwọn kòkòrò kan wà tí artemisinin kì í tètè pa mọ́, wọ́n sì ti rí irú rẹ̀ ní Uganda, Tanzania àti Eritrea. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń dán àdàpọ̀ oògùn mẹ́ta wò dípò méjì.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà ti dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí èyí tí wọ́n ń pè ní RTS,S ní 2021, wọ́n sì fọwọ́ sí R21 ní 2023. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní R21 ní Kebbi àti Bayelsa ní ìparí 2024. Bí agbára abẹ́rẹ́ náà bá ń dínkù lára wọn bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni yóò kọ́kọ́ fi hàn, nígbà tí wọ́n bá fi máa wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.